Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Ìlera Ará Ìlú

Kí ẹ̀rọ rédíò tó dé ilẹ̀ Yorùbá, akéde ni ẹnu ìlú. Bí ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ bá fẹ́ kí tọmọdé tàgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, akéde yóò mú agogo rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ti ti oko dé, yóò sì máa lù ú láti àdúgbò dé àdúgbò. Bí ó bá dé oríta, yóò dúró, yóò sì jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé yóò bi í léèrè lójú ẹsẹ̀, akéde yóò sì tún un sọ. Bí àwọn àgbà àdúgbò kò bá fara mọ́ àṣẹ náà, akéde kan náà ni yóò gbé èsì wọn padà sí ààfin. Òtítọ́ ni pé ohùn rẹ̀ kò lè lọ jìnnà, ṣùgbọ́n bí ó ti ní ẹnu tí ó fi ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ní etí tí ó fi ń gbọ́ èsì.

Ní 1935 ni irú akéde mìíràn dé sí Èkó. Wáyà ni wọ́n fà wọ ilé àwọn tí ó bá san owó, wọ́n sì so àpótí kékeré kan mọ́ ìdí rẹ̀. Inú àpótí yìí ni ohùn ti ń jáde, púpọ̀ nínú ohun tí ó sì ń sọ ni ó ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù wá. Ní 1939, irú rẹ̀ dé Ìbàdàn. Àwọn Yorùbá wo àpótí náà títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó bá ìwà rẹ̀ mu gẹ́lẹ́: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ṣùgbọ́n bí olùgbọ́ bá jiyàn, tàbí tí ó béèrè ọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá òkúta sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka orúkọ yìí sí ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti àìsàn àti ikú, ẹ̀fẹ̀ tán nínú rẹ̀. Orúkọ náà gan-an ni ó ń tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ rédíò ti le jù.

Ìlọsíwájú rédíò kò dúró síbi wáyà. Ní 1951 ni ìjọba dá ilé-iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti Nàìjíríà sílẹ̀; ní 1957, òfin sọ ọ́ di àjọ kan tí ó dá dúró. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e rédíò tirẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nígbà tí rédíò kékeré tí ń lo bátìrì wọ́pọ̀, kò sí oko tàbí ọjà tí ohùn kò lè dé mọ́. Àgbẹ̀ a gbé e kọ́ ẹ̀ka igi níbi tí ó ti ń kọ ebè. Télọ̀ a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Ní 1992, òfin fi àyè gba àwọn aládàáni láti ní ilé-iṣẹ́ rédíò tiwọn. Lónìí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ní ilé-iṣẹ́ rédíò ti ìjọba, yàtọ̀ sí ti ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn aládàáni. Ẹni tí kò mọ̀wé kà kò lè jẹ àǹfààní ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n bí etí rẹ̀ bá ṣí, tí a sì bá a sọ èdè rẹ̀, rédíò di tirẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìwúlò irú ohùn bẹ́ẹ̀ fún ìlera ìlú, kí ó wo ọ̀rọ̀ sòbìà. Àwọn àgbà a máa wí pé, sòbìà yóò di egbò, olúgànbe ni à ń ké sí. Òwe yìí fi hàn pé àìsàn náà ti pẹ́ láàárín wa. Sòbìà a máa yọ ní ẹsẹ̀ ènìyàn bí okùn funfun, ó sì lè gùn tó mítà kan. Àgbẹ̀ tí ó bá mú kò lè lọ sí oko. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú kò lè rin ìrìn ilé-ìwé. Inú omi adágún ni ó ti ń wá. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà nínú omi náà tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, àwọn ni wọ́n ń gbé ọmọ sòbìà mì. Bí ènìyàn bá mu omi náà, kòkòrò yóò kú sínú ikùn rẹ̀, ọmọ sòbìà yóò jáde, yóò sì máa dàgbà nínú ara fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yóò lé ròrò, tí yóò máa ta bí iná. Aláìsàn yóò sáré ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè rí ìtura; níbẹ̀ ni sòbìà yóò ti da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo ìlú yóò pọn mu. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń wá ìtura fún ara rẹ̀ ti gbin ìrora ọdún tí ń bọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ọdún kan tí ó wà láàárín omi mímu àti ìyọjú sòbìà ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn tètè mọ̀dí àìsàn yìí. Ta ni yóò rántí ife omi tí ó mu ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí? Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ọ̀pọ̀ gbà pé ohun tí ó ti wà nínú ara láti ìgbà ìbí ni; àwọn mìíràn so ó mọ́ Ṣọ̀pọ̀ná. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń fi ohun tí ojú wọn rí ṣe òṣùwọ̀n ni, ojú kò sì rí ohun tí ó wà nínú omi. Nítorí náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ó bá dìde lórí rédíò tí ó ní, “Ẹ má ṣe mu omi ìdọ̀tí,” kò tíì sọ nǹkan kan. Omi adágún náà lè mọ́ lójú gaara kí ikú sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí yóò bá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n gbàgbọ́, kí ó sì ka ìgbàgbọ́ wọn sí, kí ó tó fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà, kò sì sí oògùn tí a lè lò tí yóò pa á nínú ara. Ìwà ni ó ni oògùn rẹ̀: kí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ omi kí a tó mu ún, kí ẹni tí ó ní sòbìà má ṣe ti ẹsẹ̀ bọ omi, kí a gbẹ́ kànga tí ó ní ọmọrí, kí a da oògùn tí ń pa kòkòrò náà sí adágún. Níbi tí ìwà bá ti jẹ́ oògùn, ọ̀rọ̀ ni ó ń gbé oògùn kiri. Nígbà tí wọ́n ka àwọn aláìsàn jákèjádò Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n ju 650,000 lọ. Rédíò sọ ọ̀rọ̀ náà ní èdè orílẹ̀-èdè, ó sì sọ ọ́ ní èdè ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn ará abúlé tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ní Ìdèrè, níbi tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí sòbìà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n fi ń rán asẹ́ aláṣọ fún títà. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó ti ṣe olórí ìjọba rí, wọ àwọn abúlé lọ láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2008 ni wọ́n rí aláìsàn tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Bí rédíò bá sọ pé kí a sẹ́ omi, tí kò sì sí aṣọ tí a ó fi sẹ́ ẹ, ariwo lásán ni ó pa. Bí aṣọ bá sì wà, tí kò sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀, èékánná ajá ni: kò ní wúlò fún ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀, iyọ̀ náà sì pín sí méjì: ọ̀kan gba ẹ̀mí là, èkejì gba ẹ̀mí.

Láti 1985 títí di 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn àwọn ọmọdé, ni mínísítà ètò ìlera ní Nàìjíríà. Ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní àkókò náà, kì í sì í ṣe ìgbẹ́ gan-an ni ó ń pa wọ́n bí kò ṣe omi ara tí ó ń gbẹ. Omi, iyọ̀ àti ṣúgà tí a pò pọ̀ lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Ṣúgà ni ó ń ṣí ọ̀nà fún iyọ̀ láti inú ìfun wọ inú ara, omi a sì tẹ̀ lé iyọ̀. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbé ẹ̀kọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn abiyamọ. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀. Bí iyọ̀ bá kéré jù, kò ní ṣiṣẹ́ tó. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ó lè ṣe ọmọ náà ní jàǹbá ńlá. Ṣíbí ta ni a ó fi wọ̀n ọ́n? Ife ta ni? Abọ́ tí ó wà ní ilé kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ilé kejì, rédíò kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi júwe. Ohun tí àwọn elétò ìlera ṣe ni pé wọ́n wá òṣùwọ̀n tí ó dọ́gba níbi gbogbo: ìgò ọtí bíà kan, tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì, àti ṣíbí kékeré tí a fi ń mu tíì, kí ó kún ní pẹrẹsẹ láìga. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Síbẹ̀, abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, tí kò gbọ́ iye ṣíbí náà dáadáa, yóò bi rédíò léèrè, rédíò kò sì ní dá a lóhùn. Nítorí náà ni ó fi dára pé oògùn oníyọ̀ tí a ti wọ̀n sínú ọ̀rá wà ní ilé ìwòsàn lónìí, nọ́ọ̀sì yóò sì fi bí a ṣe ń pò ó han ìyá ọmọ.

Iyọ̀ kejì dé ní 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà, arìnrìn-àjò kan gúnlẹ̀ sí Èkó láti ilẹ̀ Làìbéríà, àrùn Ẹ̀bólà sì wà lára rẹ̀. Ìbẹ̀rù gba ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí ẹ̀rọ ìléwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ní òru: kí gbogbo ènìyàn dìde, kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí Ẹ̀bólà má baà mú wọn. Ẹ̀gbọ́n pe àbúrò, ìyá pe ọmọ tí ó wà ní ìdálẹ̀. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni ó ń gbé irọ́ náà kiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ènìyàn ti mu omi iyọ̀ láìwọ̀n, àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru pàápàá sì wà nínú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde lẹ́yìn náà pé wọ́n ròyìn ikú ènìyàn méjì, ó kéré tán, ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti àwọn aláṣẹ ètò ìlera ń kéde pé irọ́ ni. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ro ó jinlẹ̀: kí ni ó mú kí irọ́ yá ju òtítọ́ lọ? Ìdí kan ni pé irọ́ náà fún olùgbọ́ ní ohun tí ó lè ṣe lójú ẹsẹ̀, iyọ̀ sì wà ní gbogbo ilé ìdáná. Ìdí mìíràn ni pé ẹnu ará ilé ẹni ni ó ti wá, ó sì ṣeé bi léèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ borí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé “irọ́ ni” kí ó sì dákẹ́. Ó gbọ́dọ̀ fi ohun tí a lè ṣe dípò rẹ̀: kí a máa fọ ọwọ́, kí a má ṣe fi ọwọ́ kan òkú tàbí omi ara aláìsàn, kí a tètè ké sí àwọn elétò ìlera bí a bá fura.

Níkẹyìn, apá Ẹ̀bólà kò ká Nàìjíríà. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ náà kúrò ní ilé ìwòsàn wọn; Ẹ̀bólà pa dókítà náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ sí ilé àwọn tí ó ti súnmọ́ aláìsàn, iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, wọ́n sì ń wo bí ara wọn ti rí. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, 2014, a kéde pé Nàìjíríà bọ́. Bí kò bá sí ẹsẹ̀ tí ń rìn dé ilé aláìsàn, ohùn rédíò kì bá tí tó.

Láti inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a ti lè mọ rédíò tí ń ṣe ìlú lóore. Ìkíní ni èdè. Ọ̀rọ̀ náà “ibà” nìkan tó láti kó sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sínú ìjàngbọ̀n. Bí ó bá kéde pé ibà Lásà ń jà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ní agbègbè Ọ̀wọ̀, olùgbọ́ lè rò pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni, kí ó sì lọ se àgbo ibà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣàlàyé pé irú eku kan tí ń wọ ilé ni ó ń gbé e wá, pé kí a bo oúnjẹ, kí a má ṣe sá gaàrí sí ibi tí eku lè rìn kọjá, kí ẹni tí ibà rẹ̀ kò bá gbọ́ oògùn tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ìkejì ni èsì. Ẹ̀rọ ìléwọ́ ti jẹ́ kí asọ̀rọ̀mágbèsì lè gba èsì nísinsìnyí. Bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá jókòó ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, tí ìyá kan sì ké sí wọn láti ọjà, ìbéèrè rẹ̀ yóò yanjú ọ̀rọ̀ fún ọgọ́rùn-ún ìyá mìíràn tí ojú ń tì láti béèrè.

Ìkẹta ni òdodo, ibẹ̀ sì ni ó ti ta kókó. Owó ni a fi ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Lẹ́yìn ìròyìn tí ó sọ pé kí a lọ sí ilé ìwòsàn, olóògùn kan lè san owó, kí ó sì kéde pé gbogboǹṣe òun ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹjẹrẹ nínú ìgò kan ṣoṣo. Ohùn kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Báwo ni olùgbọ́ yóò ti mọ èyí tí í ṣe ìmọ̀ràn àti èyí tí í ṣe ìpolówó? Àjọ NAFDAC ni òfin fún ní àṣẹ lórí ìpolówó oògùn, ṣùgbọ́n àjọ kan kò lè gbọ́ gbogbo rédíò tán. Ilé-iṣẹ́ tí owó ìlú ń bọ́ gbọ́dọ̀ lè kọ owó olóògùn irọ́. Bákan náà ni ó gbọ́dọ̀ lè bá ìjọba wí. Ẹni tí ó ń sọ fún ará ìlú pé “Ẹ fọ ọwọ́” níbi tí ẹ̀rọ omi ti gbẹ láti ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ yí padà, kí ó sì sọ fún àwọn aláṣẹ pé omi kò sí. Akéde àtijọ́ ń gbé èsì lọ sí ààfin. Kò yẹ kí akéde òde òní kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Iṣẹ́ olùgbọ́ náà wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ ilé-ìwé ni ó mọ̀wé jù. Bí ìyá àgbà bá gbọ́ ìkéde ààbọ̀ lórí rédíò, ọ̀dọ̀ ọmọ yìí ni yóò yíjú sí. Kí ó má ṣe fi ẹ̀rín dá a lóhùn, kí ó má sì ṣe fi ohun tí kò dá a lójú kún un. Kí ó wádìí lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ rẹ̀, kí ó sì padà wá jẹ́ iṣẹ́ náà ní pípé, pẹ̀lú iye ṣíbí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín akéde àtijọ́ àti asọ̀rọ̀mágbèsì?
2. Ṣàlàyé, ní ọ̀rọ̀ ara rẹ, ìdí tí àwọn ènìyàn kò fi tètè mọ̀ pé omi ni sòbìà ti ń wá.
3. Kí ni ó mú kí ìgò bíà àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò wúlò fún ẹ̀kọ́ lórí rédíò?
4. “Ìfẹ́ ni ó ń gbé irọ́ náà kiri.” Kí ni ìtumọ̀ gbólóhùn yìí?
5. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn: gúnlẹ̀, ojúlé, pẹrẹsẹ, gbogboǹṣe, ta kókó.
6. Kọ àròkọ kan lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) Ìkéde kan tí ó ṣe àdúgbò mi lóore; (b) Rédíò wúlò ju ìwé ìròyìn lọ.